Ìwé Fún Ọmọ Tí Yóò Ṣòwò, Àti Fún Èyí Tí Yóò Gba Owó Oṣù

Ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá ọkọ̀ dúró, àwọn ọ̀dọ́ tí ń kiri ọjà a máa sáré tọ ojú fèrèsé wá. Ọ̀kan ru omi tútù, ọ̀kan ru búrẹ́dì, ẹnì kan yóò sì wà láàárín wọn tí ó to ìwé lé apá láti ọrùn ọwọ́ títí dé èjìká. Ìwé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Think and Grow Rich tí Napoleon Hill kọ ní 1937 yóò wà níbẹ̀. The Richest Man in Babylon tí George Clason gbé jáde ní 1926 yóò wà níbẹ̀. Rich Dad Poor Dad ti Robert Kiyosaki, tí ó jáde ní 1997, kì í wọ́n rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà tí wọ́n jí tẹ̀, tí lẹ́tà inú rẹ̀ ti ṣá, ni ó sábà máa ń wà lápá wọn. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé ìwé tí ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń kó ohun ìní jọ ni wọ́n jí gbé lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama ń ra àwọn ìwé wọ̀nyí, àwọn olùkọ́ wọn pàápàá ń rà wọ́n, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ti Clason kì í ṣe ìwé burúkú. Kókó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó bá gba owó mẹ́wàá kọ́kọ́ yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ kí ó tó ná ìyókù. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kò ní láti dé Bábílónì kí ó tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Alájọ ti ń ṣe é fún àwọn ìyálọ́jà ṣáájú kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú kọ̀ọ̀kan lórí káàdì àjọ dúró fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Bí oṣù bá parí, alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún ẹni tí ó dá a. Ẹni tí ó ń dá 200 náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ mọ̀ dájú pé 6,000 náírà ni òun dá, pé 5,800 ni òun yóò gbà. Kò sí àdììtú kankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń sọ títí di òní pé orí ẹnì kan pé bíi ti Alájọ Ṣómólù, tí ó ta mọ́tò tí ó fi ra kẹ̀kẹ́.

Ohun tí ó ń sọnù nínú púpọ̀ nínú àwọn ìwé ojú pópó ni ọ̀rọ̀ nípa ibi tí owó ti ń wá. Wọn a sọ bí owó ṣe ń wọ àpò, wọn kì í sọ àpò tí ó ti jáde. Ọmọ tí ó bá sì ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ mẹ́ta tẹ̀léra yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé inú afẹ́fẹ́ ni owó ti ń rọ̀, pé ẹni tí ó bá ti ní èrò tí ó dára ni yóò gbé agbọ̀n sílẹ̀ fún un. Ní 2016 ni Nàìjíríà rí ohun tí irú èrò bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní MMM ṣèlérí pé ẹni tí ó bá fi owó sílẹ̀ yóò gba ìdá 30 nínú 100 lé e ní oṣù kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba fi owó oṣù sí i, akẹ́kọ̀ọ́ fi owó ilé-ìwé sí i. Owó tí ẹni tuntun bá mú wá ni wọ́n ń kó fún ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí oko, kò sí ọjà, kò sí iṣẹ́ kankan láàárín. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó kù díẹ̀ kí ọdún Kérésìmesì kò, wọ́n dá ètò náà dúró, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rí owó wọn gbà mọ́. Nínú àwọn tí ó pàdánù, àwọn tí ó kàwé pọ̀ púpọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn kò bèèrè: ta ni yóò san án?

Ìwé òwò tí ó dára ni èyí tí kò jẹ́ kí òǹkàwé gbàgbé ìbéèrè náà. Irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tipẹ́, ṣùgbọ́n nítorí ìdánwò ni wọ́n ṣe ń kà á, wọn kò sì mọ̀ pé ìwé òwò ni. Ọ̀kan nínú wọn ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti ka eré náà ni yóò rántí ìwà ìkà. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyálóde Ìbàdàn bí kú nígbà tí ó ń rọbí, ọkàn ìyá náà sì yigbì. Ó pàṣẹ pé ẹrúbìnrin kankan nínú ilé òun kò gbọdọ̀ lóyún, pé ẹrúkùnrin kankan kò sì gbọdọ̀ fún un lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dìdàkudà, títí tí Látóòsà àti àwọn ìjòyè fi gbógun tì í. Nínú yàrá ìkàwé, ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè ni pé irú ènìyàn wo ni Ẹfúnṣetán, ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń kọ ni pé òǹrorò ni. Wọn a fún un ní máàkì, ó parí.

Bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ibi tí olùkọ́ bá ti bèèrè pé báwo ni obìnrin náà ṣe lówó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìdáhùn tí ó kún ní láti gbé ìwé mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ eré náà. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ṣe olóòtú ìwé kan nípa àwọn obìnrin Nàìjíríà inú ìtàn, Nigerian Women in Historical Perspective, ó sì kọ orí kan nínú rẹ̀ lórí Ẹfúnṣetán. Níbẹ̀, oníṣòwò ni òǹkàwé bá pàdé: obìnrin tí ó ní oko ńláńlá, tí ó ní ẹrú tí ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, tí ó ń ṣòwò pẹ̀lú àwọn ará etíkun, tí ó sì ń fún àwọn olórí ogun Ìbàdàn ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn. Àwọn ológun gba ọjà, wọ́n lọ sójú ogun, wọ́n padà dé, gbèsè wà nílẹ̀. Wọ́n tún wá gba òmíràn. Nígbà tí ó yá, Ìyálóde kọ̀, kò tún fún wọn láwìn mọ́.

Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ fi hàn pé lára ẹ̀sùn tí Látóòsà fi kàn án ní 1874 ni pé kò bá òun lọ sójú ogun, kò sì fi ohun ìjà ránṣẹ́. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Kí ọdún náà tó dé ìdajì rẹ̀ pátápátá, wọ́n ti ti àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ láti pa á. Olówó ni ó kú. Àwọn onígbèsè ni ó dá ẹjọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sọ obìnrin náà di ẹni mímọ́. Ọrọ̀ rẹ̀, orí òógùn àwọn tí kò gba owó iṣẹ́ ni ó dúró lé, Adétutù àti Ìtáwuyì inú eré sì ni ẹ̀dá tí òǹkọ̀wé fi rán àwọn òǹwòran létí pé àwọn tí iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn náà ní ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ òwò tí ó wà nínú kíka méjèèjì pọ̀ kò sí nínú ìwé Kiyosaki. Àwìn tí a bá tà fún alágbára, ta ni yóò bá ni gbà á? Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá tún jẹ́ ẹni tí ń ṣe òfin? Àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ó ti ṣe iṣẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ rí, tí wọ́n sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nítorí owó wọn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn. Ọmọ wọn tí ó wà ní SS2 ni ó nílò rẹ̀.

Johnson fúnra rẹ̀ yẹ lẹ́ni tí àwọn oníṣòwò ń kà. The History of the Yorubas jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́, gbogbo ènìyàn sì ń wá ogun àti ọba nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń dúró níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́, èsúsú, ìwọ̀fà àti bí wọ́n ti ń gba gbèsè. Níbẹ̀ ni ológò wà. Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san owó, olówó yóò rán ológò sí i láti dógò tì í. Ológò yóò wọ ilé lọ, yóò jókòó, yóò máa pariwo, yóò máa sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí gbogbo ará ilé. Adìẹ tàbí àgùntàn tí ó bá kọ́kọ́ rí, yóò pa á jẹ, ìnáwó náà yóò sì tún lé orí gbèsè. Ìtìjú ni irinṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí yóò sá kó owó jọ kí àlejò burúkú náà lè kúrò nílé.

Ẹni tí ó bá kà á tán yóò rẹ́rìn-ín, àfi bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ti yá owó rí lórí fóònù. Àwọn ayánilówó orí fóònù tí ó gbòde láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn kò rán ológò wá sílé. Inú àkójọ nọ́ńbà onígbèsè ni wọ́n ń wọ̀, wọn a fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, sí àna rẹ̀, sí ẹni tí ó ti gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n rí, pé olè ni, pé gbájúẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2022 àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà gbé ìlànà jáde lórí irú òwò bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ka ti ológò yóò tètè mọ ohun tí ó ń tọwọ́ bọ̀ nígbà tí fóònù bá ní kí òun tẹ ibi kan kí ó lè wo gbogbo nọ́ńbà òun.

Bí Johnson bá gùn jù fún òǹkàwé, N. A. Fádípẹ̀ ṣe kókó. The Sociology of the Yoruba jáde ní 1970, lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé ti kú láti 1944. Nínú rẹ̀, èsúsú àti ìwọ̀fà ní àlàyé tí ó mọ́lẹ̀ kedere: iye tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń dá, ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá kó tirẹ̀ tán tí kò dá owó mọ́. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni kí olùkọ́ jẹ́ kí kíláàsì jà lé lórí. Kò sí lọ́yà, kò sí ọlọ́pàá nínú èsúsú, síbẹ̀ ó dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà náà ní tiwọn. J. D. Y. Peel kọ nípa òṣómàáló nínú Ijeshas and Nigerians, tí ó jáde ní 1983: àwọn ọkùnrin tí ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà wá gba owó díẹ̀díẹ̀. Orúkọ wọn jáde láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, pé òṣó ni àwọn yóò ló ní ẹnu ọ̀nà títí owó yóò fi jáde. Wọ́n ti sọ orúkọ náà di ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi ẹ̀fẹ̀ náà ṣeré kì í rántí pé ẹni tí ó bá lè ta aṣọ láwìn fún àgbẹ̀ tí yóò san owó nígbà kòkó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó ṣeé gbà gbọ́, ọ̀nà oko rẹ̀, àti àkókò tí owó ń wọ ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí báńkì ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lónìí ni.

Fún àwọn ọmọbìnrin, kò sí èyí tí ó dà bí Where Women Work ti Niara Sudarkasa. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni. Ó wá gbé ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí i, ó tẹ̀lé àwọn obìnrin lọ sọ́jà, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1973. Ìwé onímọ̀ ni, kò dùn bí ìtàn àròsọ, àwọn ibì kan wà tí ó gbẹ. Ṣùgbọ́n ó ka àwọn obìnrin ọjà sí òṣìṣẹ́ tí ó ní ìṣirò lórí. Ó fi hàn pé àpò ọkọ àti àpò ìyàwó kì í ṣe ọ̀kan náà, pé owó tí ìyàwó fi bẹ̀rẹ̀ òwò ní ibi tí ó ti wá, pé ẹni tí ó ń ra gbogbo ẹrù lóko àti ẹni tí ó ń wọ̀n ọ́n ní kóńgò kò ṣe iṣẹ́ kan náà, èrè wọn kò sì lè dọ́gba. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta elùbọ́ yóò rí ìyá rẹ̀ nínú ìwé náà. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni tí ó gbìyànjú òwò tí ó sì ṣubú, ìtàn ìgbésí ayé Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni kí wọ́n gbé jáde, Awo, tí wọ́n tẹ̀ ní 1960. Àwọn olóṣèlú ti kà á tán nítorí òṣèlú. Ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ó jẹ ọmọ ilé-ìwé lógún. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ó sì ta igi ìdáná láti fi rówó kàwé. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó kọ́ṣẹ́ akọ̀ròyìn ní Daily Times. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sínú òwò ọkọ̀ àti ríra kòkó. Owó wọlé, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀nà ti là. Ní apá ìparí ọdún 1930 sí i, òwò kòkó dẹnu kọlẹ̀, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kò sí nínú ìwé ojú pópó: kò wá orogún ọrọ̀ kankan kiri, ìwé ni ó tún gbé. Ní 1944 ni ó gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, nípa kíkàwé nílé, kí ó tó wọkọ̀ lọ kọ́ òfin. Ẹni tí ìlú mọ̀ sí agbẹjọ́rò, ìwé òwò ni ó kọ́kọ́ kà gboyè, lẹ́yìn tí òwò ti nà án ní ẹgba.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ṣòwò rárá. Owó oṣù ni wọn yóò gbà. Àwọn ìwé ojú pópó a máa fi irú wọn ṣẹ̀sín, bí ẹni pé àìgbọ́n ni ó gbé ènìyàn dé ọ́fíìsì. Ìwé Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn. Kòṣeégbé, eré tí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1981, tí Túndé Kèlání sì sọ di fíìmù ní 1995, inú ọ́fíìsì aṣọ́bodè ni ó ti wáyé. Ọ̀gá tí kò gba rìbá dé sáàárín àwọn tí rìbá ti di oúnjẹ fún. Kò ṣẹ̀ wọ́n, kò bú wọn. Ó kàn fẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ bí ó ti yẹ, ìyẹn sì tó láti mú kí wọ́n pète ibi sí i. Ohun tí ó mú kí eré náà dára ni pé òǹkọ̀wé kò fi àwọn ọmọ abẹ́ ṣe ọ̀daràn lásán. Ènìyàn ń gbọ́ ohùn wọn, ènìyàn ń mọ ìdí tí wọ́n fi ń bínú. Olùkọ́ tí ó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbèjà wọn ní kíláàsì yóò yà á lẹ́nu bí ìgbèjà náà yóò ti dùn létí tó. Kí ó jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ka iye tí ọjà tí ó wọlé láìsan owó bodè ń ná aránṣọ àti ahunṣọ tí ó wà nílé.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Rẹ́rẹ́ Rún ní tirẹ̀, 1973, nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn lábẹ́ olórí wọn, Láwúwo, àti bí ìjà náà ti parí sí ẹkún. Kò rọrùn láti fi í dun àwọn ọmọ nínú, eré tí ó le ni. Àmọ́ Yorùbá ti ń fi ìyanṣẹ́lódì ṣeré ṣáájú ìgbà yẹn: ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945 ni Hubert Ògúnǹdé gbé orí ìtàgé nínú Strike and Hunger. Ògúnǹdé náà jẹ́ ọlọ́pàá tí ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí ó lè máa jẹun nídìí eré. Bí ó ti ṣe é, bí ó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, bí ó ti ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, wà nínú ìwé tí Ẹ̀bùn Clark kọ nípa rẹ̀ ní 1979.

Èyí tí ó bá ṣì yẹ kí wọ́n fi kún un kì í ṣe ti Yorùbá, ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti ṣẹlẹ̀. No Longer at Ease ti Chinua Achebe, 1960, ni ìwé tí ó ṣe ìṣirò owó oṣù jù lọ nínú ìtàn àròsọ Nàìjíríà. Àwọn ará ìlú Obi Okonkwo yá a ní £800 láti fi lọ kàwé ní ìlú òyìnbó. Ó dé, ó rí iṣẹ́ ńlá. Kí oṣù tó parí, ogún pọ́n-ùn ti lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ìlú, mẹ́wàá ti lọ sọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, owó ọkọ̀ ń bẹ, owó ìnṣọ́ránsì ń bẹ, owó iná ń bẹ. Ogún pọ́n-ùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì mú un lé lórí nígbẹ̀yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi bírò ṣe ìṣirò náà sí etí ìwé yóò rí ọjọ́ tí Obi ṣubú kí Achebe tó sọ ọ́.

Ìwé kan tún wà tí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí àti Ọ̀fà kò gbọdọ̀ ṣaláìgbọ́ nípa rẹ̀: Strangers and Traders ti J. S. Eades, tí ó jáde ní 1993. Àwọn Yorùbá tí ó lọ ṣòwò ní àríwá Ghana ni ó dá lé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kékeré tí wọ́n ń ru kiri, wọ́n mú àbúrò wá, wọ́n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n wá, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù títí wọ́n fi di ẹni tí ọjà ìlú ńlá kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó ti ta ọjà láwìn kò rí owó rẹ̀ gbà. Ẹni tí ó kọ́lé tà á ní ọ̀pọ̀, tàbí kí ó fi sílẹ̀. Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana ní 1983, báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ orúkọ náà títí di òní. Kò sí ìwé ìdókòwò kan lójú pópó tí ó sọ fún ọ̀dọ́ oníṣòwò pé ìwé ìgbélùú jẹ́ ara owó òwò rẹ̀.

Rírí àwọn ìwé wọ̀nyí kò dọ́gba. Àwọn eré Ìṣọ̀lá ṣì ṣeé rí rà nílé ìtàwé, ti Achebe náà bẹ́ẹ̀. Ti Sudarkasa, Peel àti Eades, ilé-ìkàwé yunifásítì ni kí olùkọ́ ti wá wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ wọ́n. Ó di dandan kí olùkọ́ ka orí kan, kí ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún kíláàsì. Ìyẹn kò burú. Èdè Yorùbá kò kọsẹ̀ rárá níbi èrè, àdánù, èlé, ìdókòwò, oníìgbọ̀wọ́ àti àwìn, iṣẹ́ ìtumọ̀ náà yóò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún SS1, Kòṣeégbé ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n lè pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ọ̀gá àti ẹgbẹ́ ọmọ abẹ́ kí wọ́n kà á sókè. Ẹfúnṣetán lè dúró di SS2, nígbà tí olùkọ́ bá ti túmọ̀ ojú ìwé mélòó kan nínú ti Bọ́láńlé Awẹ́, tí ó sì ti kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ Ìyálóde ní gbèsè sí ojú pátákó.